Ọjọ́ Mẹ́wàá Tí Wọ́n Kọ Sílẹ̀ Bí Àìsàn: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Theophilus Ayọ̀kànmí Ṣóyẹmí (1973–2025)

"Gbé ọmọ yẹn sílẹ̀! Theophilus, mo ní kí o gbé ọmọ yẹn sílẹ̀ kí n tó káwọ́ lérí, kí n ké sí gbogbo àdúgbò!"

Ohùn Màmá Jael Ṣóyẹmí nìyẹn, ìyá olóògbé, ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹta ọdún 2015, nínú ilé yàrá méjì kan ní Sùúrùlérè. Màmá ti gbéra láti Ìjẹ̀bú Igbó ní kùtùkùtù, wọ́n gbé kànìnkànìn tuntun, ọṣẹ dúdú àti òrí dání. Ìyàwó ọmọ wọn ti bí àkọ́bí, ìyá tó bí ìyàwó náà sì ti kú, nítorí náà ta ni ì bá tún wẹ ọmọ bí kò ṣe ìyá ọkọ? Wọ́n ṣílẹ̀kùn. Kí ni wọ́n rí? Ọmọ wọn ọkùnrin, ẹni ọdún méjìlélógójì, òṣìṣẹ́ ìjọba, ló jókòó sórí àpótí ìdáná, ó ká ṣòkòtò kọjá orúnkún, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó tẹ́ ìkókó ọlọ́jọ́ márùn-ún sórí ojúgun, ó ń bu omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sí i lẹ́yìn. Ìyàwó ń sùn.

"Màmá, ẹ káàbọ̀," ni olóògbé wí. "Ẹ jókòó, Mà. Ó ku etí kan."

"Etí kan! Etí ta ni? Níbo ni Lucy wà? Àbí ó ti fi nǹkan sí ọ lọ́bẹ̀ ni?"

"Ó ń sùn, Mà. Òun ló bímọ."

"Èmi náà bímọ! Mẹ́rin ni mo bí! Bàbá rẹ ò mọ ibi tí kànìnkànìn wà nínú ilé títí tó fi kú!"

"Mo mọ̀, Mà," ni olóògbé wí, ó sì fa aṣọ ìnura mọ́ra, ó ń nu ọmọ.

"Mo mọ̀" yẹn ló dun Màmá ju gbogbo rẹ̀ lọ. Wọ́n gbé ẹrù wọn, wọ́n padà sí Ìjẹ̀bú Igbó lọ́jọ́ náà, wọn ò jẹ, wọn ò mu. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ pé, àga wọn ṣófo. Ọdún márùn-ún gbáko ni wọn ò fi tẹ ẹnu ọ̀nà ilé náà.

Ẹbí Ṣóyẹmí bẹ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wá síbi ìsìn yìí pé kí ẹ má bínú tó bá jẹ́ ìjà ni wọ́n fi ṣí ìtàn ẹni tí kò jà rí. Ìwé ètò ìsìnkú mélòó lẹ ti kà tí òkú inú rẹ̀ kò ní ọ̀tá, tí kò mú ọtí, tí gbogbo ayé fẹ́ràn bí oyin? Wọ́n ti pa irọ́ tó tó mọ́ ọkùnrin yìí nígbà ayé rẹ̀. Ẹbí kò ní fi ọ̀kan lé e lórí pósí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ta lára, omi tútù wà lẹ́yìn ilé ìjọsìn.

Ọjọ́ kẹrin oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973 ni wọ́n bí Theophilus Ayọ̀kànmí ní Yaba. Tísà Jeffrey Ṣóyẹmí ni bàbá rẹ̀, ọmọ bíbí Ìjẹ̀bú Igbó, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹni tó máa ń ka Bíbélì ní ìjọ Áńgílíkà pẹ̀lú ohùn bíi pé òun gan-an ló kọ ọ́. Màmá Jael sì ń ta aṣọ ní Ọ̀yìngbò. Mẹ́rin ni wọ́n bí, méjì ló dàgbà: Christabel àti Theophilus. Nínú ilé yẹn, tí Tísà bá wọlé, àwọn ọmọ á dìde kúrò ní pálọ̀ bí ẹyẹ tó gbọ́ ìró ìbọn. Ọmọkùnrin kì í sì í wọ ilé ìdáná. Christabel ló ń lọ ata, Christabel ló ń fọ abọ́. Theophilus á dúró sí ẹnu ọ̀nà ìdáná, á máa wò. Tí wọ́n bá lé e, á lọ, á tún padà wá dúró. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rántí pé ohun tó máa ń bèèrè nígbà gbogbo kò ju ìkan lọ: "Àǹtí, kí ló ń dùn níbẹ̀ yẹn?"

Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Yaba, ó ka ìwé mẹ́wàá jáde ní Sùúrùlérè ní 1990, ó sì gba ìwé ẹ̀rí lórí ìtọ́jú ìwé ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ní 1999 ló wọ iṣẹ́ ìjọba, ní ilé iṣẹ́ kan ní Yaba tí ẹbí kò ní dárúkọ, nítorí ìlà kejì ni àwọn ará ibẹ̀ jókòó sí lónìí, ẹbí kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yíjú wò wọ́n títí ìsìn yóò fi parí. Àwọn àwòrán ilẹ̀ ló ń tọ́jú níbẹ̀. Tí ìdílé méjì bá ń jà lórí ilẹ̀, tí wọ́n ń bú ara wọn títí dé orí baba ńlá, Theophilus ni yóò wọ yàrá ìwé, tí yóò mú bébà kan jáde, tí ariwo yóò sì dákẹ́. Ó gba ìwé gbọ́. Ohun tó máa ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu ní ìyẹ́, ohun tó bá wà nínú ìwé ìjọba nìkan ló ní ẹsẹ̀ tó fi ń dúró.

Òjò ló mú un bá Lucy pàdé ní 2010, àwọn méjèèjì sá sábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo ní Costain. Lucy ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń po oògùn ní ọ̀nà Mùṣin. Wọ́n ṣègbéyàwó ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 2012.

Ní 2014, ìwé kan wá láti òkè, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ní ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́: òṣìṣẹ́ ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ bá bímọ lè gba ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá, owó oṣù rẹ̀ kò ní yingin. Ọkùnrin mọ́kànlélógún ló ka ìwé náà. Ogún ló rẹ́rìn-ín.

"Ìsinmi bàbá! Kí ló rẹ bàbá? Ṣé òun náà rọbí ni?"

"Ẹ jẹ́ kí n gbà á o jàre. Màá sọ fún Ìyá Ìbejì pé mo lọ sí ìrìn àjò iṣẹ́."

Theophilus nìkan ló mú báírò jáde, tó da ìwé náà kọ sí ẹ̀yìn ọwọ́. Oyún Lucy ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́ta. Ilé iṣẹ́ aládàáni ni ti Lucy, ọ̀sẹ̀ méjìlá ni wọ́n ń fún abiyamọ níbẹ̀, òfin ìjọba kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Theophilus ṣírò rẹ̀ pé tí òun bá wà nílé lọ́sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, egungun Lucy á rí àyè so pọ̀.

Wọ́n bí Ayọ̀miídé ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kejì ọdún 2015. Lọ́jọ́ kejì, Theophilus mú ìwé rẹ̀ lọ bá Alhaja Munirah, ẹni tó ń kọ rẹ́jísítà ìsinmi. Ẹbí bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀ràn ti ṣẹ̀ wá. Ìlà mẹ́rin ló wà nínú rẹ́jísítà yẹn, wọ́n fi rúlà fà á: ìsinmi ọdọọdún, ìsinmi ìbímọ, ìsinmi ẹ̀kọ́, ìsinmi àìsàn. Kò sí ìlà fún bàbá. Àwọn tó kọ òfin kò rántí àwọn tó ń fa ìlà.

"Ọ̀gbẹ́ni Ṣóyẹmí, ibo ni kí n kọ yín sí báyìí?" ni Alhaja bèèrè. "Kí n kọ yín sí ìsinmi ìbímọ? Káwọn ọmọkọ́mọ wọ̀nyí máa pè yín ní Ìyá Ìkókó?"

"Ẹ fa ìlà tuntun, Alhaja."

"Ha! Ìwé ìjọba? Èmi? Ẹ fẹ́ kí wọ́n lé mi ni? Ẹ lọ tọ́jú ọmọ yín. Ẹ fi èyí sílẹ̀ fún mi, mo ti mọ bí mo ṣe máa bò yín láṣìírí."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ sílé. Alhaja gbé báírò, ó kọ ọjọ́ mẹ́wàá náà sábẹ́ ìsinmi àìsàn.

Nígbà tí Theophilus padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ń kí i: "Ẹ kú ewu o. Ara ti le?" Ó rò pé wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, bíi pé òun ló rọbí. Ó bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́rin ló fi bá wọn rẹ́rìn-ín.

Wọ́n bí Àánúolúwapọ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2018. Ọjọ́ mẹ́wàá mìíràn, ìlà kan náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019, ilé iṣẹ́ Lucy fẹ́ fi í ṣe ọ̀gá ẹ̀ka wọn ní Àbújá. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò bi í bóyá ó lè ṣiṣẹ́ náà. "Ṣé ọkọ rẹ á gbà?" ni wọ́n bi í. Ó délé, ó sọ fún ọkọ rẹ̀, ó sì bú sẹ́kún kí ó tó parí ọ̀rọ̀. Olóògbé ń gé ẹ̀fọ́ lọ́wọ́. "Lọ," ló wí. "Ṣé kì í ṣe èmi ni mo mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà nílé yìí?"

Lucy lọ. Ọjọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn oṣù ló ń wá sílé, á sì padà ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Àwọn kan nínú yín sọ ọ́ ní gbangba pé Lucy ló gbé ìyàwó, Theophilus ló lọ sílé ọkọ. Ẹbí mọ̀ yín. Àwọn kan nínú ẹbí pàápàá sọ ọ́.

Láti ìgbà náà, tí ibà bá mú ọmọ, Theophilus á kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ pé, "Ọmọ mi kò yá." Tí ọ̀rọ̀ náà bá fi máa dé inú rẹ́jísítà, "ọmọ mi" á ti já bọ́ lójú ọ̀nà, "kò yá" nìkan ló ń débẹ̀.

Oṣù kọkànlá ọdún 2019 ni wọ́n pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò láti fi í ṣe olórí ẹ̀ka ìwé. Ogún ọdún ló ti lò lẹ́nu iṣẹ́, kò sí ẹni tó mọ yàrá ìwé náà tó o. Ọkùnrin méjì àti obìnrin kan ló jókòó níwájú rẹ̀.

"Iṣẹ́ yín mọ́, Ọ̀gbẹ́ni Ṣóyẹmí," ni àgbà wọn wí. "Ara ńkọ́?"

"Ara le, sà."

"Ẹ má fi pamọ́ fún wa. Ọjọ́ mẹ́tàdínláàádọ́ta ìsinmi àìsàn ló wà níbí."

Olóògbé na ọrùn, ó wo ìwé náà. Ó kà á. Ó tún un kà.

"Sà, mi ò ṣàìsàn rí. Ọmọ ni mo tọ́jú."

"Ìyá wọn ńkọ́?" ni obìnrin àárín wọn bèèrè.

"Ó wà ní Àbújá, Mà. Ibi iṣẹ́."

Wọ́n wo ara wọn. Àgbà wọn pa fáìlì dé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń bo ojú òkú. "Ẹ lọ máa tọ́jú ara yín," ló wí. Ẹlòmíràn ló gba ipò náà.

Ó lọ bá Alhaja Munirah. Alhaja sunkún tòótọ́tòótọ́, ẹbí kò ní pa irọ́ mọ́ ọn. "Ẹ̀gàn ni mo gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ṣóyẹmí! Mo fi Ọlọ́run búra! Aláìsàn, wọ́n á ṣàánú rẹ̀. Ọkùnrin tó ń fọ ìtẹ́dìí, ta ló máa ṣàánú rẹ̀?"

"Ẹ̀gàn yẹn, tèmi ni, Alhaja," ni olóògbé dáhùn. "Ẹ bá mi dá a padà."

Kò sí bí ó ṣe lè dá a padà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, Theophilus kọ ìwé àkọ́kọ́ sí ọ̀gá àgbà, pé kí wọ́n ṣàtúnṣe sí rẹ́jísítà náà, kí wọ́n kọ ọ́ pé ó wà nílé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Gbogbo oṣù kìn-ín-ní ló ń kọ ọ́ láti ìgbà náà. Gbólóhùn tó fi ń parí rẹ̀ kò yí padà rí: "Mi ò bèèrè ipò. Ìlà kan ni mo ń bèèrè." Àwọn tó mọ̀ ọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ìgbéga ló ń dùn ún. Rárá. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ gba ìwé gbọ́ ni, ìwé náà sì ń sọ pé ọdún tí inú rẹ̀ dùn jù láyé, inú àìsàn ló wà.

Ọ̀rọ̀ àìsàn náà kò dúró sínú fáìlì. Ó rìn dé kántíìnì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya ife rẹ̀ sọ́tọ̀. Tó bá jókòó sórí bẹ́ńṣì, àyè á ṣí sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Kò sẹ́ni tó bi í pé àìsàn wo ni. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún un púpọ̀ jù láti bi í.

Ṣé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá ni kí ó wá lọ? Ó lọ. Ní ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, àwọn obìnrin ń kọrin fífún ọmọ lọ́yàn, ó wọlé pẹ̀lú Àánúolúwapọ̀ lẹ́yìn, orin dá. Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ pe ìyá ọmọ wọlé, sà." Ó ní òun nìkan ni. Wọ́n fún un ní ìpẹ̀kun bẹ́ńṣì, orin kò sì padà bẹ̀rẹ̀ títí ó fi lọ. Àwọn òbí ilé ẹ̀kọ́ Ayọ̀miídé ṣí ojúlé ìtàkùrọ̀sọ kan lórí Wọ́sáàpù, wọ́n sọ ọ́ ní Àwọn Ìyá Kíláàsì Kejì. Ó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin kí ẹnì kan tó kọ̀wé pé, "Ẹ jọ̀ọ́, Dádì ta ló wà nínú ilé yìí? Ọ̀rọ̀ obìnrin la fẹ́ sọ." Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ jáde, ó sì tọrọ àforíjì. Ẹgbẹ́ Ọkùnrin ìjọ, tí àwọn olóyè rẹ̀ wà níwájú lónìí, ń pàdé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Aago mẹ́rin ló ń mú àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sún un sí Àbámẹ́ta. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sábẹ́ àwọn tí kò nítara.

Èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò lè gbàgbé ni Ọjọ́ Ìsinmi Àwọn Ìyá ní 2022. Wọ́n fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní òdòdó kan pé kí ó lọ fún ìyá rẹ̀. Lucy wà ní Àbújá. Ayọ̀miídé, ọmọ ọdún méje, rìn gba àárín ìjọ kọjá, ó lọ bá bàbá rẹ̀, ó nà án sí i. Bàbá gbà á. Olùkọ́ àwọn ọmọdé sáré wá, ó rẹ́rìn-ín, ó yọ òdòdó náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ti àwọn ìyá ni, sà. Ayọ̀miídé, mú un fún Àǹtí rẹ." Christabel gbà á. Christabel ì bá ti kọ̀. Kò kọ̀.

Ní ilé, rédíò nìkan ni àgbàlagbà tó kù. Ó máa ń bá a jà. Àwọn ará ilé kejì á máa gbọ́ ọ nídìí ìfọbọ́, "Ẹ̀yin wo ni ẹ ń parọ́ fún? Ẹ ti lọ sọ́jà rí?" Wọ́n á rò pé àlejò dé.

Ní 2020, ọdún tó kọ ìwé àkọ́kọ́ yẹn, Màmá Jael ṣubú nínú ilé ìwẹ̀ ní Ìjẹ̀bú Igbó, itan wọn yẹ̀. Ilé Theophilus ni dókítà ní kí wọ́n gbé wọn lọ, nítorí kò ní àtẹ̀gùn. Bí wọ́n ṣe wọ ilé tí wọ́n kọ̀ nìyẹn, lórí àga tí ènìyàn méjì gbé. Christabel ń wá wẹ̀ wọ́n, nítorí ọmọkùnrin kì í rí ìhòòhò ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n oúnjẹ, Theophilus ló ń sè é. Ọjọ́ kan, Màmá jẹ ìkọ́kọrẹ́, wọ́n lá ọwọ́, wọ́n ní, "Christabel, mi ò mọ̀ pé o ti mọ̀ ọ́n sè tó báyìí! Ọwọ́ rẹ ti di ọwọ́ ìyá mi." Ọmọ wọn ọkùnrin wà ní ilé ìdáná, ó gbọ́. Christabel wo ẹnu ọ̀nà ìdáná. Olóògbé mi orí sí i pé kí ó má sọ̀rọ̀. Oṣù mẹ́rin ni Màmá fi jẹ oúnjẹ náà, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò sè é. Wọn ò mọ̀ dòní. Ẹbí ń sọ ọ́ báyìí pé: Màmá, Theophilus ni.

Ayé yí díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe ìwàásù ló yí i. Ní 2023, ilé iṣẹ́ náà fi kọ̀ǹpútà rọ́pò rẹ́jísítà, ẹni tó sì tò ó wá láti ìta, kò mọ ìtìjú ẹnikẹ́ni. Ó ṣe àyè kan níbẹ̀ fún ìsinmi bàbá. Àyè bíńtín, kò tóbi ju èékánná lọ. Ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá ṣí kọ̀ǹpútà, á rí i níbẹ̀, ó ṣófo, ó ń dúró. Láàárín ọdún kan, àwọn ọkùnrin tó ń rẹ́rìn-ín bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè pé kí ló dé tí àwọn kò fi gbà á. Wọn ò dédé di ènìyàn rere. Wọ́n rí àyè kan tí orúkọ wọn lè wọ̀ ni.

Teslim ni àkọ́kọ́. Ọmọkùnrin jẹ́jẹ́, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ní 2021. Nígbà tó ku oṣù kan kí ìyàwó rẹ̀ bímọ, ó wá bá Theophilus ní kántíìnì, ó jókòó tì í. Òun nìkan ló jókòó tì í lọ́dún yẹn. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹ mọ ọmọ í wẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi." Olóògbé rọ omi kún ìgò, ó fi áńkáṣífù wé e, ó gbé e lé e lọ́wọ́. "Orí ni kí o dì mú, má fi ọrùn sílẹ̀. Ọrùn rẹ̀ ò tíì mọ iṣẹ́ tó wá ṣe láyé." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi wẹ ìgò. Ẹbí gbọ́ pé olóògbé ń kọrin tó bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ lásìkò náà.

Ọjọ́ tí Teslim padà láti ìsinmi, ilé iṣẹ́ ra kéèkì. Wọ́n kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. Ọ̀gá àgbà ní ẹ jẹ́ kí a pàtẹ́wọ́ fún ọkùnrin àkọ́kọ́ nínú ilé iṣẹ́ yìí tó gba ìsinmi bàbá. Teslim dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, lọ́wọ́ ilé iṣẹ́, lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ. Theophilus pàtẹ́wọ́ ní ẹ̀yìn. Ó jẹ kéèkì rẹ̀ tán. Ní ìrọ̀lẹ́, Teslim wá bá a, kò lè wò ó lójú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Wọ́n ní àìsàn ló ń ṣe yín nígbà náà lọ́hùn-ún. Mo rò pé ẹ ò ní fẹ́ kí n dárúkọ yín."

"O ṣeun," ni olóògbé wí. "Ṣé ọmọ ń sùn dáadáa?"

Ní 2024 ni èsì ìwé rẹ̀ wá, ìkan ṣoṣo tó rí gbà láyé. Wọ́n ní wọ́n ti ti rẹ́jísítà àtijọ́ pa, wọn kì í kọ nǹkan tuntun sínú ìwé tí a ti tì, àfi tí dókítà tó tọ́jú rẹ̀ nígbà náà bá kọ̀wé pé kò ṣàìsàn. Dókítà wo? Ọkùnrin náà kò dé ilé ìwòsàn àfi tí ọmọ bá wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, ó tún kọ̀wé. Gbólóhùn ìparí kò yí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ọdún 2025, ó mú àwọn ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́, ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ṣubú ní Costain, ọkàn rẹ̀ dáwọ́ dúró. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni. Kò ṣàìsàn ní ọjọ́ kan. Nígbà tí Christabel pe Màmá, Màmá kò ké. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Ta ló wá ń tọ́jú àwọn ọmọ báyìí?" Màmá kò sí láàárín yín, nítorí ìyá kì í tẹ̀lé òkú ọmọ rẹ̀ lọ sí ibojì. Wọ́n wà ní Sùúrùlérè, nínú ilé náà, àwọn nìkan.

Àwọn tó gbẹ̀yìn rẹ̀ nìwọ̀nyí: ìyá rẹ̀, Màmá Jael Ṣóyẹmí, opó rẹ̀, Ìyáàfin Lucy Ṣóyẹmí, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ayọ̀miídé, ẹni ọdún mẹ́wàá, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Àánúolúwapọ̀, ẹni ọdún méje, tó mọ ilẹ̀ í gbá, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Christabel. Kò rí ọmọ-ọmọ, ikú kò ní sùúrù.

Ayọ̀kànmí, ọmọ Jael, na ẹsẹ̀ rẹ báyìí. Aago mẹ́rin ti lù, ẹlòmíràn á lọ mú àwọn ọmọ. Kí ilẹ̀ tẹ́ ọ bí ẹní rere, kí Olúwa tó dá ọ má bi ọ́ léèrè ìyá ọmọ.

Ojú ìwé tó kù, ẹbí fi sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ tó sìn fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Àná ni ìwé wọn dé. Ẹbí túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wá, wọn ò yọ, wọn ò fi kún un:

"Pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn ni a gbọ́ nípa ìpapòdà Ọ̀gbẹ́ni T. A. Ṣóyẹmí. Àkọsílẹ̀ wa fi hàn pé láti ọdún 2015 ni ó ti ń bá àìlera jà, kò sì ráhùn rí. A fi ìmọrírì pàtàkì hàn fún opó rẹ̀, Ìyáàfin Lucy Ṣóyẹmí, fún sùúrù tí ó fi tọ́jú ọkọ aláìsàn fún ọdún mẹ́wàá, tí ó sì dúró nílé, tí òun nìkan fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ àwọn ọmọ wọn méjèèjì."